Ọ̀kọ̀ Fínéhásì: Ìtara, Ìpànìyàn àti Àwọn Tó Na Ọrùn

Ọ̀rọ̀ Hébérù kan wà tí wọ́n ń pè ní qin'ah. Nígbà tí Bíbélì dé èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí di méjì mọ́ wa lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló ni ín, bíi nínú Òfin Mẹ́wàá, owú ni wọ́n pè é: Ọlọ́run owú. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló ń gbèjà Ọlọ́run, ìtara ni wọ́n sábà máa ń pè é. Ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá nìkan kò ní mọ̀ pé gbòǹgbò kan náà ni méjèèjì ti hù. Ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú nínú ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Onítara ni ẹni tó ń bá Ọlọ́run jowú. Ó rí i tí wọ́n ń gbé ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run fún òrìṣà tàbí fún ọba, ara rẹ̀ kò sì gbà á. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ wá ṣe lẹ́yìn tí ara rẹ̀ kò gbà á ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ẹni tí àwọn onítara fi ń ṣe àwòkọ́ṣe ni Fínéhásì, ọmọ-ọmọ Áárónì. Ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé Númérì, orí 25. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pàgọ́ sí Ṣítímù, wọ́n ń bá àwọn obìnrin Móábù ṣe àgbèrè, wọ́n sì ń forí balẹ̀ fún Báálì-Péórì. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ìpàdé ni Símírì, ìjòyè kan nínú ẹ̀yà Síméónì, ti mú Kósíbì, ọmọbìnrin ìjòyè Mídíánì, kọjá lójú gbogbo wọn. Fínéhásì dìde, ó mú ọ̀kọ̀, ó tẹ̀ lé wọn wọnú àgọ́, ó sì gún àwọn méjèèjì pa. Àrùn náà dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti pa 24,000 èèyàn. Ọlọ́run sì bá Fínéhásì dá májẹ̀mú àlàáfíà.

Ẹ wo bí ìpànìyàn yìí ṣe rí. Mósè ti pàṣẹ fún àwọn onídàájọ́ pé kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Fínéhásì kò dúró dè wọ́n: kò sí ẹjọ́, kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìkìlọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kú jẹ́ ọmọ ilé, kódà ọmọ ńlá. Wọ́n sì gbà pé ikú yẹn ló gba gbogbo àgọ́ lọ́wọ́ ìbínú Ọlọ́run. Àmì mẹ́ta yìí la ó fi máa dá ọ̀kọ̀ Fínéhásì mọ̀ níbikíbi tó bá tún ti yọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìkórìíra àlejò ni ìtara àwọn Júù ayé àtijọ́. Bí a bá ka ìtàn náà dáadáa, ọmọ ilé tí wọ́n kà sí ọ̀dàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kàgbákò.

Ó tún yọ ní ọdún 167 ṣáájú ìbí Kristi. Antiochus Kẹrin, ọba Síríà, fi òfin de ìkọlà àti Sábáàtì, ó sì sọ Tẹ́mpìlì Jerúsálẹ́mù di ibi ìbọ̀rìṣà. Ní abúlé Módéìnì, ìránṣẹ́ ọba dé pé kí àwọn ará ìlú wá rúbọ. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Mattathias kọ̀. Júù mìíràn jáde láti rú ẹbọ náà, ni Mattathias bá sáré sí i, ó pa á lórí pẹpẹ. Ó pa ìránṣẹ́ ọba náà, ó sì wó pẹpẹ. Ìwé Mákábì Kìíní, tó wà nínú Bíbélì àwọn Kátólíkì ṣùgbọ́n tí kò sí nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń lò, là á mọ́lẹ̀ pé ohun tí Fínéhásì ṣe sí Símírì ni ọkùnrin yìí ṣe.

Lẹ́yìn náà, nǹkan bí 1,000 èèyàn tó sá pamọ́ sínú ihò àpáta kò gbà láti jà nígbà tí ọmọ ogun ọba ká wọn mọ́ ní ọjọ́ Sábáàtì. Wọn kò ju òkúta kan, wọn kò dí ẹnu ihò. Wọ́n kú tọmọtọmọ, taya taya. Mattathias àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ wọn, wọ́n sì pinnu pé bí ọ̀tá bá gbógun wá ní Sábáàtì, àwọn yóò jà. Láìsí ìpinnu yẹn, ogun náà ì bá má pẹ́ rárá. Júdásì Mákábì, ọmọ rẹ̀, gba Tẹ́mpìlì padà, ó sì yà á sí mímọ́ ní ọdún 164 ṣáájú ìbí Kristi. Ọjọ́ yẹn ni àwọn Júù ń ṣe àjọ̀dún Hánúkà fún títí di òní.

Ní àkókò inúnibíni kan náà, àwọn mìíràn kò pa ẹnikẹ́ni. Ìwé Mákábì Kejì sọ ìtàn ìyá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ méje tí wọ́n dá lóró pa nítorí pé wọn kò jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ìwé mìíràn tí Júù kan kọ ní èdè Gíríìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní Mákábì Kẹrin, tún ìtàn yìí sọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sí i tó yẹ kí a dúró lé lórí. Ìyá náà rán àwọn ọmọ rẹ̀ létí pé bàbá wọn kọ́ wọn ní ìtàn ìtara Fínéhásì. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Ìtàn ẹni tó gún èèyàn lọ́kọ̀ ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ tó kú láìgbé ọ̀kọ̀ dàgbà. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti pín àwọn èèyàn ayé ìgbà yẹn sí onítara lápá kan àti ẹni àlàáfíà lápá kejì. Ìtara kan náà ló ń gbé ẹlòmíràn síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọ̀bẹ, tó sì ń gbé ẹlòmíràn síwájú apani pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

Ìtàn Pílátù ló fi èyí hàn jù lọ, ó sì dùn mí pé a kì í sábà sọ ọ́ níjọ. Ọdún 26 lẹ́yìn ìbí Kristi ni Pọ́ńtíù Pílátù di gómìnà Jùdíà lábẹ́ Róòmù. Ó ní kí wọ́n kó àwọn àsíá ogun tó ní àwòrán Késárì wọ Jerúsálẹ́mù lóru. Ilẹ̀ mọ́, ìlú dàrú. Ogunlọ́gọ̀ Júù rìn lọ sí Késáríà níbi tí Pílátù ń gbé, wọ́n dojú bolẹ̀ yí ilé rẹ̀ ká fún ọjọ́ márùn-ún, tọ̀sán tòru. Ní ọjọ́ kẹfà, ó pè wọ́n sí pápá ìṣeré ńlá bí ẹni tó fẹ́ dá wọn lóhùn, ó sì jẹ́ kí ọmọ ogun yí wọn ká ní ìlà mẹ́ta. Ó ní bí wọn kò bá gba àwòrán Késárì, òun yóò gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Gbogbo wọn wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n na ọrùn, wọ́n ní kí wọ́n bẹ́ àwọn lórí ju kí àwọn rú òfin lọ. Pílátù kó àwọn àsíá náà kúrò.

Èyí kò tán síbẹ̀. Láàárín ọdún 39 sí 41, Késárì Caligula pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ère òun sínú Tẹ́mpìlì. Petronius, gómìnà Síríà, kó ọmọ ogun wá. Àwọn Júù lọ bá a ní Tólẹ́máísì àti ní Tìbéríà, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n sọ pé àwọn kò ní jà, àwọn kò sì ní gbà. Àsìkò gbígbìn ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi oko sílẹ̀. Àwọn àgbààgbà ìdílé Hẹ́rọ́dù là á yé Petronius pé bí ilẹ̀ kò bá rí irúgbìn, kò ní sí ìkórè. Bí kò bá sí ìkórè, kò sí ibi tí owó orí yóò ti wá, olè àti ìfọ́lé ni yóò gbòde. Petronius kọ̀wé sí Késárì pé kí ó dẹwọ́. Caligula fèsì pé kí Petronius pa ara rẹ̀. Ìjì òkun dá àwọn tó gbé lẹ́tà náà dúró. Ìròyìn pé wọ́n ti pa Caligula fúnra rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 41 ló kọ́kọ́ dé.

Kí ló jẹ́ kí èyí ṣiṣẹ́? Kì í ṣe ojo àti ẹ̀bẹ̀ nìkan. Gómìnà Róòmù ní ohun tó ń bẹ̀rù: bí ó bá pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò gbé ohun ìjà, owó orí yóò bọ́, ìròyìn burúkú yóò sì dé Róòmù. Ìgbà tí àwọn èèyàn bá wà ní ìṣọ̀kan, tí wọn kò fún un ní ìdí kankan láti sọ pé ọ̀tẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ á há. Nígbà tí nǹkan kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń bàjẹ́. Pílátù kan náà mú owó ilé ìṣúra Tẹ́mpìlì láti fi kọ́ ojú ọ̀nà omi wọ Jerúsálẹ́mù. Lọ́tẹ̀ yìí, ńṣe ni àwọn èèyàn pariwo, tí wọ́n ń bú u. Ó ti fi ọmọ ogun sáàárín wọn nínú aṣọ ará ìlú, pẹ̀lú kùmọ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó fún wọn ní àmì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ọ̀pọ̀ sì kú, àwọn mìíràn lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń sá.

Ibi tí ó ti máa ń lójú pọ̀ jù nìyí: ta ni àwọn Sélótè? Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń sọ pé ẹgbẹ́ ajàjàgbara kan wà nígbà ayé Jésù tí wọ́n ń pè ní Sélótè, pé Símónì ọmọ ẹ̀yìn sì wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lúùkù pe Símónì ní Sélótè, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí onítara. Mátíù àti Máàkù pè é ní Kananaios, tí í ṣe ọ̀rọ̀ Árámáíkì fún ohun kan náà. Àṣìṣe ìtumọ̀ ló sọ ọ́ di ará Kénáánì nínú àwọn Bíbélì kan. Nígbà ayé Jésù, orúkọ yìí sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́, bí a ṣe ń pe ẹnì kan ní Onígbàgbọ́ líle. Ìgbà òtútù ọdún 67 sí 68 ni a tó rí ẹgbẹ́ ológun tó sọ ara rẹ̀ ní Sélótè nínú Jerúsálẹ́mù, lábẹ́ Eleazar ọmọ Simon.

Ṣáájú wọn ni Júdásì ará Gálílì, ẹni tó dìde ní ọdún 6 nígbà tí Kúírínísì, gómìnà Róòmù ní Síríà, ń ka àwọn èèyàn kí wọ́n lè gba owó orí. Ó ní Ọlọ́run nìkan ni olúwa, nítorí náà ẹrú Késárì kò sí nínú Júù. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5 dárúkọ rẹ̀. Àwọn Síkárì ní tiwọn yàtọ̀. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní sica ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Láti àwọn ọdún 50 ni wọ́n ti ń wọ àárín èrò lọ́jọ́ àjọ̀dún pẹ̀lú ọ̀bẹ lábẹ́ aṣọ. Wọ́n á gún ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, wọ́n á sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ké ìbòsí. Àlùfáà àgbà Jónátánì ni wọ́n kọ́kọ́ pa bẹ́ẹ̀. Júù ni, kì í ṣe ará Róòmù. Àwọn kan ti gbìyànjú láti so orúkọ Ìskáríótù mọ́ wọn, ṣùgbọ́n “ọkùnrin Kériótì” ni ìtumọ̀ tó rọrùn jù, ìlú ni Kériótì sì jẹ́.

Josephus, òpìtàn Júù, ni ó sọ púpọ̀ jù lọ nínú ohun tí a mọ̀ yìí, ó sì yẹ kí a mọ irú ẹni tó jẹ́. Ọ̀gá ogun Júù ni ní Gálílì, ó túúbá fún Róòmù ní Jótápátà ní ọdún 67, lẹ́yìn náà ló kọ ìwé rẹ̀ ní Róòmù lábẹ́ ààbò ìdílé Késárì. Ó fẹ́ kí a gbà pé ọwọ́ àwọn ọlọ́tẹ̀ díẹ̀ ni ìparun Jerúsálẹ́mù ti wá, kì í ṣe ọwọ́ gbogbo Júù, kì í sì í ṣe ọwọ́ Titus, ọ̀gá ogun Róòmù. Bí ó bá ń bú àwọn Sélótè, kí ẹ rántí èyí. Bí ó bá sì sọ ohun tí àwọn rábì, àwọn olùkọ́ òfin Júù, náà sọ, tí wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ lè gbà á pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀ díẹ̀ sí i.

Oúnjẹ Jerúsálẹ́mù jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló pín ìlú náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: Eleazar nínú Tẹ́mpìlì, John ará Gischala yí i ká, Simon bar Giora ní òkè ìlú. Wọ́n ń bá ara wọn jà nígbà tí Róòmù ń bọ̀, wọ́n sì dáná sun àká ọkà tí ìlú ì bá fi gbára dúró fún ọdún púpọ̀. Nínú Talmud, ìwé ńlá tí àwọn rábì kó ẹ̀kọ́ wọn jọ sí, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn onítara sun ún kí ebi lè fipá lé àwọn èèyàn jáde lọ jà. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Titus kó Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, Tẹ́mpìlì jóná. Àwọn Síkárì tó sá lọ sí Masada, ilé olódi orí òkè kan, ti kọ lu Ẹ́ń-Gédì, ìlú Júù, nígbà Ìrékọjá, wọ́n sì pa obìnrin àti ọmọdé tó lé ní 700 níbẹ̀. Ní ọdún 73 tàbí 74, Josephus ní 960 èèyàn kú nípa ọwọ́ ara wọn ní Masada kí Róòmù tó wọlé. Àwọn tó ń kọrin yin Masada kì í sábà dárúkọ Ẹ́ń-Gédì.

Ìtàn àwọn rábì sọ pé Yohanan ben Zakkai jáde kúrò nínú ìlú nínú pósí bí òkú, nítorí àwọn onítara kò jẹ́ kí alààyè kọjá. Ó lọ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yafne. Láti ìdí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni ẹ̀sìn Júù tí a mọ̀ lónìí ti hù.

Ohun tí àwọn rábì ṣe sí Fínéhásì ló jọ mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò lè yọ ọ́ kúrò nínú Tórà. Ọlọ́run ti yìn ín níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọgbà yí i ká. Míṣínà, àkójọ òfin àwọn rábì, fi àyè sílẹ̀ nínú òfin fún onítara láti ṣe ohun tí Fínéhásì ṣe, bó bá ká ẹni náà mọ́ ibi ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó. Talmud Bábílónì wá dí àyè náà. Bí onítara bá wá béèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ bóyá kí òun pa á, wọn kò gbọdọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí Símírì bá ti kúrò lára obìnrin náà kí Fínéhásì tó gún un, apànìyàn ni Fínéhásì, wọn yóò sì pa á. Bí Símírì bá yí padà tó sì pa Fínéhásì, kò jẹ̀bi, nítorí ẹni tó ń lé èèyàn láti pa á ni Fínéhásì. Talmud Jerúsálẹ́mù tilẹ̀ sọ pé àwọn àgbà fẹ́ yọ Fínéhásì lẹ́gbẹ́, Ẹ̀mí Mímọ́ ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tó kù lẹ́yìn gbogbo èyí ni òfin tí ẹnikẹ́ni kò lè béèrè fún, tí ìṣẹ́jú àáyá kan sì lè sọ ẹni tó lò ó di apànìyàn. Ogun tí Bar Kokhba ṣáájú àwọn Júù jà pẹ̀lú Róòmù, láti ọdún 132 sí 135, ti jó wọn lára ná: ìtàn sọ pé Rábì Akiva pe Bar Kokhba ní Mèsáyà, Yohanan ben Torta sì dá a lóhùn pé koríko yóò hù lẹ́rẹ̀kẹ́ Akiva kí ọmọ Dáfídì tó dé.

Àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ bá ọ̀kọ̀ kan náà jà lọ́nà tiwọn. Sọ́ọ̀lù ará Tásù mọ bí ó ṣe rí lọ́wọ́. Nínú lẹ́tà sí àwọn ará Fílípì, nígbà tó ń to ohun tó fi ń yangàn tẹ́lẹ̀, ó ní nípa ti ìtara, òun ń ṣe inúnibíni sí ìjọ. Ìlànà Fínéhásì gan-an nìyẹn: ọmọ ilé tó yà bàrá ni kí a kọ́kọ́ mú. Ẹ wá wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Orin Dáfídì 106 sọ nípa Fínéhásì pé a ka ohun tó ṣe sí òdodo fún un. Ẹlòmíràn tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ ni Ábúráhámù, nítorí pé ó gba Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí Róòmù nípa òdodo, Ábúráhámù ló mú. Ó dákẹ́ lórí Fínéhásì, mo sì gbà pé ìdákẹ́jẹ́ náà kì í ṣe èèṣì. Nínú lẹ́tà kan náà ló ti sọ pé àwọn èèyàn òun ní ìtara fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀.

Àwọn kan yóò ní Jésù ńkọ́, ṣebí ó fi pàṣán lé àwọn oníṣòwò nínú Tẹ́mpìlì? Lóòótọ́, Jòhánù 2 sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì rántí ẹsẹ Orin Dáfídì tó sọ pé ìtara ilé rẹ jẹ mí run. Nínú Gíríìkì tí Jòhánù kọ, ọjọ́ iwájú ni ọ̀rọ̀ náà ń wò: yóò jẹ mí run. Ara onítara fúnra rẹ̀ ni ìtara náà yóò jẹ. Kò sí òkú kan nílẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó kú lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó mú pàṣán.

Fún nǹkan bí 300 ọdún, àwọn olùkọ́ ìjọ dì í mú pé Kristẹni kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Tertullian ní bí Olúwa ṣe gba idà lọ́wọ́ Pétérù, ó tú àmùrè idà gbogbo ọmọ ogun. Maximilian, ọmọ ọdún 21, kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun ní Tebessa ní Àríwá Áfíríkà ní ọdún 295, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kristẹni wà nínú iṣẹ́ ológun nígbà yẹn. Tertullian fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Elvira, ní Sípéènì, ní nǹkan bí ọdún 305, tilẹ̀ ṣòfin pé bí ẹnikẹ́ni bá lọ fọ́ òrìṣà tí wọ́n sì pa á níbẹ̀, a kò ní kà á mọ́ àwọn ajẹ́rìíkú, nítorí pé kò sí irú rẹ̀ nínú Ìhìn Rere.

Kò tó 100 ọdún lẹ́yìn náà tí ìjọba bọ́ sí ọwọ́ Kristẹni, tí ọgbà yẹn wó. Ní ọdún 388, wọ́n sun sínágọ́gù ìlú Callinicum, létí odò Yúfírétì, bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà ló sì ti wọn sí i. Késárì Theodosius ní kí bíṣọ́ọ̀bù náà tún un kọ́. Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù Milan, kò gbà, ó sì mú kí Késárì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní Alẹkisáńdíríà ní ọdún 415, àwọn Kristẹni pa Hypatia, obìnrin onímọ̀. Socrates, òpìtàn ìjọ tó gbé ní sáà yẹn, kọ ọ́ pé ìtìjú ńlá ni fún Cyril bíṣọ́ọ̀bù àti fún gbogbo ìjọ ibẹ̀.

Àríwá Áfíríkà ló ṣàjèjì jù. Àwọn Circumcellion, ẹ̀yà líle nínú ìjọ Dónátù tó ti yapa kúrò lára ìjọ yòókù, ń lu àwọn Kristẹni yòókù tí wọ́n kà sí ọ̀dàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í lo idà, nítorí pé Jésù sọ fún Pétérù pé kí ó ti idà bọ àkọ̀. Kùmọ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì sọ kùmọ̀ náà ní Ísírẹ́lì. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kí a fi pe àwọn ìjọ Dónátù padà. Ó yí èrò rẹ̀ padà, ó sì mú ọ̀rọ̀ Lúùkù 14, “fi agbára mú wọn wọlé,” fi ti òfin Késárì lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn ẹlòmíràn gbé dì mú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ tẹ àwọn Circumcellion kan tó pa àlùfáà Restitutus, tí wọ́n sì yọ ojú àlùfáà mìíràn, tí wọ́n gé ìka rẹ̀, Augustine kọ̀wé sí Marcellinus, aṣojú Késárì tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má pa wọ́n, kí ó má sì gé ẹ̀yà ara wọn kankan láti fi san ohun tí wọ́n ṣe. Kí ó fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ tó wúlò.